Àmì Kútẹ́ẹ̀sì Lára Rédíò Ìyá Sàláù

Samuel ní kí n má fi orúkọ òun pamọ́, kí n má sì bá òun wá àwáwí. N ò ní bá a wá a. Ọkùnrin tí ẹ fẹ́ kà nípa rẹ̀ yìí kì í jalè, kì í mutí, kò sì gba ìyàwó oníyàwó. Irọ́ kan ló pa, irọ́ tí kò ju èékánná lọ, irọ́ náà sì dàgbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má tètè ṣépè fún un. Ẹ kọ́kọ́ kà á tán ná.

Iṣẹ́ rédíò ni Samuel Ọlábọ̀wálé ń ṣe ní Bẹ́yẹrunká. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò gbà ju èèyàn méjì lọ, ṣùgbọ́n láti Mápó títí dé Bẹẹrẹ, bí rédíò bá ti dákẹ́, ọ̀dọ̀ Sámú ni wọ́n ń gbé e lọ. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ọmọ ìjọ Aládùúrà tún ni, tó ń wọ sùtánà funfun báláú lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn èèyàn sì gbà pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò lè rẹ́ni jẹ.

Lọ́dún 1986, ilé iṣẹ́ rédíò kan tí n kò ní dárúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lórí FM. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ mọ́ ketekete, kò ní ariwo ṣìì-ṣìì ti tẹ́lẹ̀. Gbogbo ìgboro fẹ́ gbọ́ ọ. Àmọ́ rédíò tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn ti pẹ́, kò sí FM nínú rẹ̀ rárá, ìkànnì àtijọ́ nìkan ló lè mú.

Samuel mọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Kò sí ohun tí òun lè ṣe sí irú rédíò bẹ́ẹ̀ tí yóò fi gbọ́ FM, àfi kí olówó rẹ̀ ra tuntun. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà mẹ́ta àkọ́kọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fajú ro, wọ́n gbé rédíò wọn, wọ́n gba Bẹẹrẹ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn tí yóò sọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ fún wọn. Ó dùn ún.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n burúkú ti wọlé. Samuel ṣàkíyèsí pé ohun tí ilé iṣẹ́ náà ń sọ lórí FM, òun náà ni wọ́n ń sọ lórí ìkànnì àtijọ́, ọ̀rọ̀ fún ọ̀rọ̀, ní ìṣẹ́jú kan náà. Ilé iṣẹ́ náà kò tíì pín méjèèjì níyà nígbà náà. Ó rò ó, ó tún un rò. Lọ́jọ́ tí Ìyá Sàláù gbé rédíò tirẹ̀ dé, ó rò ó tán.

Ìyá Sàláù ń ta ọṣẹ dúdú ní Ọjà'ba, Pópó Yemọja ni agbo ilé ọkọ rẹ̀. Aránṣọ ni ọkọ rẹ̀, Bàbá Sàlámì, kí arán tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàbá náà. Nígbà tí arán dé, ó gbàgbé oníbàárà, ó gbàgbé ọmọ, ó gbàgbé pé Ìyá Sàláù ni gbogbo ayé ń pe ìyàwó òun. Kúlúsúmù, orúkọ tó fi fẹ́ ẹ ní ọmọge, ló tún ń pè é láti àárọ̀ dalẹ́. Ohun kan tó tún ń mú un jókòó jẹ́ẹ́ ni wàásù orí rédíò.

"Sámú," Ìyá Sàláù wí, "wọ́n ní bàbá wa ò ní gbọ́ wàásù dáadáa mọ́ àfi kí n ra tuntun. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ta ló ń dẹ́rù bà yín, Ìyá? Ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ padà wá lọ́la."

Ó tú rédíò náà, ó nu eruku inú rẹ̀, ó fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà kan tí kò ṣe nǹkan kan, ó dé e padà. Ó wá mú kútẹ́ẹ̀sì pupa ìyàwó rẹ̀, ó fi ṣe àmì róbótó kan sójú ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ilé iṣẹ́ náà láti ọjọ́ pípẹ́ wá.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé rédíò tuntun tirẹ̀, tó ní FM gidi, sí ẹ̀gbẹ́ ti Ìyá Sàláù, ó tan méjèèjì. Ohùn kan náà jáde nínú wọn.

"Ẹ ò rí i? FM rèé. Ẹ má ṣáà yí i kúrò lójú àmì pupa yìí o."

Ìyá Sàláù san owó rẹ̀ láìná an. Ó ní, "Bó o ṣe tún tèmi ṣe yìí, Ọlọ́run á tún tìẹ náà ṣe." Samuel ṣe àmín.

Kí oṣù méjì tó pé, rédíò mọ́kànlá tó wà ní agbo ilé náà ló ti ní àmì pupa. Mojísọ́lá, ìyàwó Samuel, ń wá kútẹ́ẹ̀sì rẹ̀ kiri ilé.

Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, ilé iṣẹ́ náà pín méjèèjì níyà. FM kó ìròyìn Yorùbá, wàásù àti ìkéde àwọn ará ìlú lọ. Ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé, Gẹ̀ẹ́sì àti ìkéde ìjọba díẹ̀ ló kù sórí ìkànnì àtijọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi Samuel léèrè.

"Sámú, wàásù wa dà?"

"Wọ́n ń tún ètò ṣe níbẹ̀ ni. Ẹ ní sùúrù."

Wọ́n ní sùúrù. Ṣebí ọmọ Aládùúrà ló sọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni Bàbá Sàlámì sọnù. Ó fi téèpù ìwọnṣọ kọ́rùn láàárọ̀, ó ní oníbàárà ń retí òun, ó jáde. Wọ́n wá a dé Ọjà'ba, wọ́n wá a dé Mápó, wọ́n wá a ní gbogbo ibùdókọ̀. Wọ́n sọ fún ọlọ́pàá. Ilẹ̀ ọjọ́ kẹta mọ́, kò sẹ́ni tó rí i.

Sàláúdéènì, àkọ́bí wọn tó ń wa ọkọ̀ akérò ní Bẹẹrẹ, ló ya ṣọ́ọ̀bù Samuel. "Bùọ̀dá Sámú, mò ń lọ sílé iṣẹ́ rédíò nísinsìnyí kí wọ́n bá wa kéde rẹ̀. Mo ní kí n kọ́kọ́ bi yín bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Samuel mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Orí FM ni wọn yóò ti kéde rẹ̀. Gbogbo agbo ilé yóò jókòó ti rédíò oníkútẹ́ẹ̀sì, wọn yóò máa dúró de ìkéde tí wọ́n fi owó ara wọn ṣe, rédíò ò sì ní sọ nǹkan kan. Àṣírí á tú kí ilẹ̀ tó ṣú.

"Má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú," ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Mo ní ọ̀rẹ́ níbẹ̀. Èmi ni màá bá yín lọ. Ẹ máa wá bàbá lọ ní tiyín."

Sàláúdéènì dì mọ́ ọn. Omijé lé sójú ọmọkùnrin náà.

Samuel ò lọ. Ó padà sọ fún wọn pé ìkéde pọ̀ nílẹ̀, pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kó tó kàn wọ́n. Ìyá Sàláù ló tún ń tù ú nínú. "Kò burú, ọmọ mi. Ẹni tó bá rí i, òun náà á gbé e lọ sórí rédíò. Mo ṣáà ń gbọ́."

Ó sì ń gbọ́ lóòótọ́. Ó pa ọjà tì. Ó gbé àpótí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé rédíò lé itan, bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ húkọ́ nínú ilé. Ìkéde ìjọba á wá sọ̀rọ̀ lórí omi ẹ̀rọ àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé. Bó bá parí, á ní, "Bóyá ọ̀la."

Lọ́jọ́ Ajé, ní agogo mẹ́rin, Samuel jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, FM rẹ̀ ń sọ̀rọ̀.

"A rí bàbá arúgbó kan ní Abúlé Akínwálé lọ́nà Ìwó. Bàbá náà dúdú, kò ga, dàńṣíkí búlúù ló wà lọ́rùn rẹ̀, àpá iná wà lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún. Kò rántí orúkọ ara rẹ̀, kò rántí àdúgbò rẹ̀. Kúlúsúmù ló ń pè. Kúlúsúmù, níbikíbi tí ẹ bá wà, bàbá wà nílé Ọ̀gbẹ́ni Hezekiah, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé abúlé náà."

Àyọ́ọ̀nù eléèédú ló jó bàbá náà lọ́wọ́ nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Samuel mọ àpá náà bó ṣe mọ tirẹ̀. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Ó dìde, ó tilẹ̀ ti wọ bàtà. Lẹ́yìn náà ló rántí pé wọn yóò bi òun pé, "Níbo lo ti gbọ́ ọ?" Ó tún jókòó.

Nígbà tó délé, ó sọ ọ́ fún Mojísọ́lá. Ó sọ gbogbo rẹ̀, títí kan kútẹ́ẹ̀sì.

Mojísọ́lá ní, "Kí lo wá jókòó sílé ṣe?"

"Mò ń ronú bí n ṣe máa sọ ọ́ ni."

"Kò sí ìrònú níbẹ̀. Lọ mú bàbá náà wá sílé. Bí wọ́n bá fẹ́ lù ọ́, kí wọ́n lù ọ́. Èèyàn ni, kì í ṣe rédíò."

"Ó dàárọ̀," Samuel wí.

Àárọ̀ mọ́, ó ti gbọ́n ọgbọ́n mìíràn. Bó bá gba rédíò náà lọ́wọ́ Ìyá Sàláù fún ọjọ́ kan péré, yóò padà wá ní òun gbọ́ ìkéde nígbà tó wà lọ́dọ̀ òun. Òun á di ẹni tó rí bàbá, kò ní sí ẹni tí yóò bi í ní ìbéèrè. Ó gba Pópó Yemọja lọ.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n gbé rédíò yìí lọ fọ inú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti ń há."

Ìyá Sàláù fi ọwọ́ méjèèjì bo rédíò náà. "Kí n gbé e fún ọ, Sámú? Bí wọ́n bá wá pè mí lónìí ńkọ́?"

"Màá dá a padà lọ́la."

"Ọ̀la jìnnà. Bó bá há, jẹ́ kó há. Mò ń gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀." Ó wọ yàrá, ó bu ọṣẹ dúdú jáde. "Gbà, fún ìyàwó rẹ. Mo rí i pé ẹ̀yin náà ò sùn lórí ọ̀rọ̀ wa."

Samuel gba ọṣẹ. Ó dúpẹ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù kó sọ, kò sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀yin ì bá ti sọ ọ́, ó rọrùn fún yín láti orí àga tí ẹ jókòó sí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú fo ọṣẹ yẹn. Ó gbà á, ó sì fi wẹ̀.

Mojísọ́lá bi í, "Ṣé o ti sọ fún wọn?"

"Mo ti sọ," Samuel dáhùn. "Sàláúdéènì ti lọ mú un."

Lọ́jọ́rú, wọ́n tún kéde rẹ̀. Wọ́n fi kún un pé bàbá náà ò jẹun bó ṣe yẹ mọ́, pé ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó sí. Lọ́jọ́bọ̀, ohùn ẹni tó ń kéde ti yí padà, ó ń bẹ̀bẹ̀. "Ẹ̀yin ará ilé bàbá yìí, ẹ dákun, ẹ má kọ̀ ọ́ sílẹ̀." Samuel pa rédíò. Ní ìṣẹ́jú yẹn kan náà, ní Pópó Yemọja, Ìyá Sàláù ń gbọ́ bí olùkọ́ kan ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò lédè Òyìnbó. Ó gbọ́ ọ dé ìparí, nítorí kò mọ ibi tí wọn yóò ti pe òun.

Ọjọ́ Jímọ̀, FM ò sọ nǹkan kan nípa bàbá. Samuel mí kanlẹ̀. Ó ní àwọn ará ilé ti gbọ́ látọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, wọ́n ti lọ mú un. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó wọ sùtánà, ó jó débi pé wòlíì pè é síwájú.

Ọjọ́ Ìsinmi yẹn kan náà, Sàláúdéènì wà ní gáréèjì. Awakọ̀ kan láti ọ̀nà Ìwó ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé bàbá arúgbó kan kú lábúlé àwọn láàárọ̀ Jímọ̀, pé láti ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti ń kéde rẹ̀, ará ilé rẹ̀ ò yọjú. "Aláìláàánú pọ̀ láyé," awakọ̀ náà wí.

Sàláúdéènì ní, "Ṣé àpá wà lọ́wọ́ rẹ̀?"

Nígbà tó fi dé abúlé náà, àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀ ti sin ín. Ọ̀gbẹ́ni Hezekiah kó dàńṣíkí búlúù àti téèpù ìwọnṣọ lé Sàláúdéènì lọ́wọ́. Ó bi í bí àgbàlagbà tó bínú gidi ṣe ń bi èèyàn. "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ẹ ò ní rédíò nílé ni? Ẹnu ọ̀nà mi ni bàbá yín jókòó sí títí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú. Bí obìnrin kan bá ti kọjá, á ní, 'Kúlúsúmù dé.'"

"A ní rédíò mọ́kànlá," Sàláúdéènì wí. Ó wá bẹ ọ̀gá àgbà náà pé kó yá òun ní tirẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n ránṣẹ́ pe Samuel. Wọ́n ní Ìyá fẹ́ rí i. Nígbà tó wọ agbo ilé, àwọn èèyàn kún inú àgbàlá. Rédíò méjì wà lórí àga gbọọrọ kan, ti Ìyá Sàláù àti ti Ọ̀gbẹ́ni Hezekiah. Ìyá Sàláù jókòó sórí ẹní, ó da gèlè bo orí. Agogo mẹ́rin ku díẹ̀.

"Sún mọ́ ibí," Sàláúdéènì wí. Kò pe "bùọ̀dá" mọ́.

Ó tan méjèèjì. Ọ̀kan ń kéde ọmọdébìnrin kan tó sọnù ní Mọ́lété. Èkejì, èyí tó wà lójú àmì pupa, ń sọ Gẹ̀ẹ́sì.

 Sìdí, ìyàwó ilé kan, gbé rédíò tirẹ̀ jáde láti yàrá, ó fi èékánná họ àmì náà. Ó họ kúrò. "Kútẹ́ẹ̀sì ni," ó wí, ó sì ju rédíò náà sí Samuel lẹ́sẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tiwọn jáde níkọ̀ọ̀kan.

Samuel dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ àtijẹ ni. N ò mọ̀ pé irú èyí á ṣẹlẹ̀. Bó bá ṣe pé mo mọ ibi tí bàbá wà ni..."

Bí kì í bá ṣe pé Mojísọ́lá wọlé, bóyá ibẹ̀ ni ì bá parí sí. Ó ti gbọ́ ní ọjà láàárọ̀ pé bàbá kú, ó wá báni kẹ́dùn. Ó kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Sàláù, kò mọ ohun tó ń lọ.

"Ẹ kú àdánù bàbá, Ìyá. Ó mà ṣe o. Mo rò pé ẹ bá a láàyè ni. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí Samuel wá sọ fún yín pé òun gbọ́ ọ lórí rédíò, ṣebí Bùọ̀dá Sàláúdéènì lọ mú un ni?"

Gbogbo àgbàlá yíjú sí Samuel. Mojísọ́lá náà rí i nílẹ̀ níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí, ojú rẹ̀ yí padà. "Samuel. O ò sọ fún wọn."

Sàláúdéènì ti gbá a lọ́rùn mú. Ìyá Sàláù ní, "Fi í sílẹ̀." Ohùn rẹ̀ ò le rárá. "Sámú, ọjọ́ wo lo gbọ́ ọ?"

"Ọjọ́ Ajé, Ìyá."

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lo wá gba ọṣẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Bí wọ́n ṣe sọ ọ́, sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún mi."

Ó sọ ọ́ láti orí ilẹ̀, ọ̀rọ̀ fún ọ̀rọ̀. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti dárúkọ obìnrin náà, Ìyá Sàláù ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ìyá tún ní kó sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀méje ni Samuel pe Kúlúsúmù lójú gbogbo ilé, tẹkún-tẹkún. Ìyá Sàláù ò sunkún.

"Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni màá fi ṣe opó," ó wí níkẹyìn. "Ẹ má lù ú. Ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Lójoojúmọ́, ní agogo mẹ́rin, kó máa wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Kó gbé rédíò tó ṣe fún mi lé itan, kó máa tẹ́tí, bóyá wọ́n á pè mí."

Ó sì ń wá. Sàláúdéènì máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà láti rí i pé ó wá. Ó ń ti ṣọ́ọ̀bù, ó ń la Ọjà'ba kọjá pẹ̀lú ojú gbogbo èèyàn lẹ́yìn rẹ̀, ó ń jókòó sórí àpótí. Àwọn ọmọ ilé á pé lé e lórí. "Bàbá FM, ṣé wọ́n ti pè é?" Kò sí oníbàárà tó tún gbé rédíò wá fún un. Mojísọ́lá ń se oúnjẹ fún un, ṣùgbọ́n kì í bá a sọ̀rọ̀ ju bó ṣe yẹ. Ó gbọ́ ìṣirò, ó gbọ́ ìtàn àwọn ọba Òyìnbó, ó gbọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá.

Mo bi í pé ẹ̀kọ́ wo ló fẹ́ kí ẹ rí kọ́. Ó ní kí n sọ fún yín pé òtítọ́ tí ó ti ẹni lójú kì í pani. Èmi ò rò pé ẹ̀kọ́ nìyẹn. Ohun tí mo rí ni pé ọkùnrin yìí fẹ́ gba ẹ̀mí bàbá là, àmọ́ ó kọ́kọ́ fẹ́ gba orúkọ ara rẹ̀ là, ọjọ́ mẹ́rin sì kéré fún iṣẹ́ méjèèjì.

Ní ọjọ́ tí Ìyá Sàláù jáde nínú opó, Samuel ti ta irin iṣẹ́ rẹ̀, ó fi ra rédíò tuntun kan tó ṣì wà nínú páálí. Ó gbé e síwájú obìnrin náà, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ìyá, FM gidi nìyí. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀."

Ìyá Sàláù ṣí páálí náà, ó wo rédíò náà dáadáa. "Ṣé wọ́n ṣì ń kéde àwọn tó sọnù níbẹ̀?"

"Lójoojúmọ́, Ìyá. Agogo mẹ́rin."

Ó dé páálí náà padà, ó tì í sọ́dọ̀ Samuel.

"Gbé e lọ fún Mojísọ́lá. Òun ló ṣì ní ọkọ tó lè sọnù."